Kọ̀ǹpútà Kan, OS Méjì: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Ṣe Ẹ̀dà Ohùn Àwọn Àgbà

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ dúró fún Windows 10, ìbéèrè kan kò tíì kúrò lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí: ṣé ká pa Windows rẹ́ lórí laptop wa, ká gbé Linux síbẹ̀, àbí ká jókòó síbi tí a wà? Àwọn kan ní Linux nìkan ni ọlọ́gbọ́n ń lò báyìí. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ àwọn ọmọ Computer Science nìyẹn, pé kí ló kan ẹni tó ń kọ́ nípa èdè níbẹ̀? Èrò tèmi yàtọ̀ sí ti apá méjèèjì. Ẹ má pa ìkankan. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa gbé inú kọ̀ǹpútà kan náà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan háàdì dísìkì rẹ̀, kó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohùn tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, kí ẹ̀dà náà sì wà níbòmíràn. Ẹni tí kò bá tíì lè ṣe èyí, kó fi Windows rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà ná.

Ohun tí à ń pè ní dual boot kò le lóye. OS ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ètò yòókù ń tipasẹ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Windows jẹ́ ọ̀kan, Linux jẹ́ ọ̀kan. Nínú dual boot, OS méjì máa ń pín háàdì dísìkì kan lò, kálukú ní yàrá tirẹ̀. Bí o bá ti tan kọ̀ǹpútà, ètò kékeré kan tó ń jẹ́ GRUB á yọ sójú, á bi ọ́ pé èwo lo fẹ́ lò lónìí. Èyí tí o bá mú ni yóò jí, èkejì á máa sùn. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ẹni tó ra ẹ́ńjìnnì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kì í tìtorí ẹ́ńjìnnì sọ àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀ nù. Bí epo bá tán láàárín omi, àjẹ̀ ni yóò gbé e dé èbúté. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ọmọ Oríòkè-Ìwàmímọ́ ni mí, ní etíkun Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orúkọ ìlú wa ń pe òkè, ṣùgbọ́n omi la fi ń jáde, omi la fi ń wọlé. Ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè wa mọ̀ pé iná ìjọba kì í ṣe ohun tí a fi ń ka ọjọ́. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí apá gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, láti Òkìtìpupa dé etí òkun, fi wà nínú òkùnkùn. Jẹnẹrétọ̀, sólà àti bátìrì ni a fi ń gbé ayé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn tí àwọn tí iná kì í kú mọ́ lọ́wọ́ kọ fún àwọn bíi tiwọn. Wọ́n á ní kí o tẹ bọ́tìnnì yìí, kí o dúró díẹ̀, ó ti parí. Wọn kò sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán nígbà tí o ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Kí Linux tó lè ní yàrá, a ní láti fún yàrá Windows pọ̀. Kọ̀ǹpútà lè ní láti kó àwọn fáìlì tó wà lápá ibi tí a fẹ́ gé, kó kó wọn sí apá kejì, kó sì tún ìwé àkọsílẹ̀ ibi tí ohun gbogbo wà kọ. Bí iná bá lọ lójijì lẹ́nu iṣẹ́ yìí, tí bátìrì laptop náà sì ti kú bíi ti ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀, ìwé àkọsílẹ̀ yẹn lè dàrú. Fáìlì lè má tíì kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ ibi tó wà mọ́. Ohun tí ọmọ ìlú ńlá lè fi ọ̀sán kan ṣe láìronú, ọmọ etí omi gbọ́dọ̀ wo epo, wo bátìrì, kó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló wà nínú àwọn fáìlì náà tí mo fi ń pariwo? Àwa tí a wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè, ohùn ènìyàn ni ọrọ̀ wa. Ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ wà lára àwọn ẹ̀ka-èdè gúúsù ìlà-oòrùn Yorùbá, òun àti Ìkálẹ̀, Oǹdó àti Ìjẹ̀bú. Ìró àti ìhun rẹ̀ ní ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní. Àwọn tó sọ ọ́ dáadáa, tí wọ́n mọ orúkọ ẹja, orúkọ àwọ̀n, orúkọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà, ti ń dàgbà. Ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé pàápàá ń lọ. Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947 ní etíkun wa níbẹ̀, òkun ti gba apá púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ohùn ìyá àgbà kan sílẹ̀ lónìí tí fáìlì náà sì sọnù lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè padà lọ kó má bá ìyá náà mọ́. Ó sì lè má bá ilé tí wọ́n ti jókòó sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹni tó bá ní ká gbé gbogbo rẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó di pé a fọwọ́ kan dísìkì kò ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kó bá wa ṣírò rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ bó ṣe yẹ fún iṣẹ́ fònẹ́tíìkì, fáìlì WAV ní 44,100 Hz, bit 16, ẹ̀rọ agbohùn kan péré, máa ń tó 300MB ó lé díẹ̀ fún wákàtí kan. Wákàtí ogún ti lé ní 6GB. Ẹ wo ẹni tó wà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wá tó ń lọ, tó ń ra dátà lówó ara rẹ̀. Háàdì dísìkì kékeré tí a fi wáyà so mọ́ laptop, tàbí fíláàṣì méjì tó dára, ni ọ̀nà tiwa.

Ó yẹ kí n wá dáhùn àwọn tó ń bi mí pé, bí ewu bá wà níbẹ̀, kí ni a tilẹ̀ ń fi OS méjì ṣe? Kí ló dé tí a kò jókòó sórí Windows?

Ìdí àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí àwọn laptop wa. Windows 11 ń béèrè 4GB RAM àti àyè 64GB ó kéré tán, ó ń béèrè TPM 2.0 tí í ṣe ohun èlò ààbò inú ẹ̀rọ, ó sì ń béèrè processor tó wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft. Ọ̀pọ̀ tókúnbọ̀ tí a ń gbé wọ kíláàsì kò kún ojú òṣùwọ̀n yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Lóòótọ́, Microsoft fi ọdún kan kún àtúnṣe ààbò Windows 10, títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026, fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n ọdún kan kì í pẹ́ pé. Linux Mint tàbí Lubuntu máa ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ lórí laptop àtijọ́, ó sì ń gba àtúnṣe ààbò lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ìdí kejì ni iṣẹ́ tiwa gan-an. Praat tí a fi ń wo ohùn wà lórí méjèèjì, ELAN náà wà lórí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti gbọ́ Yorùbá, láti fi àmì ohùn sí i, láti so ọ̀rọ̀ mọ́ ìró, yóò rí i pé orí Linux ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ iṣẹ́ yẹn ti kọ́kọ́ ń jáde, orí rẹ̀ náà ni ìtọ́sọ́nà wọn ti kún jù. Àwọn tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ èdè sì máa ń retí pé a mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀rọ̀ èdè àti kọ̀ǹpútà kì í ṣe tuntun nílẹ̀ yìí: ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ Alt-i ti ń ṣe iṣẹ́ lórí kiibọọ̀dù àti ohùn Yorùbá láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Nínú Linux, kiibọọ̀dù Yorùbá wà nínú àtẹ kiibọọ̀dù Nàìjíríà, kò sí ohun tí a fẹ́ wá kiri.

Kí ló wá dé tí a kò pa Windows? Nítorí pé a kò dá wà. Word ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń ka iṣẹ́ wa, Word ni wọ́n fi ń kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. LibreOffice lè ṣí i, ṣùgbọ́n ojú ìwé lè yí, àmì ohùn lè fò kúrò lórí fáwẹ̀lì bí fọ́ńtì bá yàtọ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin tó fẹ́ fi alẹ́ ọjọ́ tí yóò fi iṣẹ́ àṣekágbá sílẹ̀ bá fọ́ńtì jà.

Àwọn kan á ní Windows ti ní WSL báyìí, pé Linux lè máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, tàbí kí a lo VirtualBox. Fún ẹni tó ní 16GB RAM, mo gbà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, OS méjì ló jí pọ̀, wọ́n ń pín RAM kan náà jẹ. Lórí 4GB, àwọn méjèèjì á máa jà bí ará ilé tó ń fa ẹní kan mọ́ra wọn lọ́wọ́. Nínú dual boot, ẹni tó jí ló ni gbogbo RAM. Fún ẹ̀rọ tí kò lágbára, òun ló bọ́gbọ́n mu jù.

Nítorí náà, ọ̀nà tí a ó gbà ṣe é ló kù. N kò ní kọ gbogbo ìgbésẹ̀ síbí, ṣùgbọ́n àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ kò pọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ẹ̀dà, ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ gbọ́ ohùn náà létí. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, a kò tíì lè pè é ní ẹ̀dà. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá BitLocker ń ṣiṣẹ́ lórí Windows yín. Òun ló máa ń ti dísìkì pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà 48. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà lórí ẹ̀rọ àwọn àfi ọjọ́ tí Windows bá béèrè nọ́ńbà náà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì dá a dúró ná. Ẹ pa Fast Startup, nítorí bó bá wà ní títàn, Windows kì í kú tán, ó máa ń sùn ni, bí Linux bá sì wọ yàrá rẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, ó lè ba nǹkan jẹ́. Inú Windows fúnra rẹ̀, nínú Disk Management, ni kí ẹ ti fún yàrá rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi 30GB sí 50GB sílẹ̀ fún Linux bí àyè bá wà. Kí bátìrì kún, kí epo tó, kí ẹ sì má ṣe é lóru ọjọ́ tí òjò ń kù.

Nígbà tí Linux bá ń bi yín ibi tó fẹ́ wọ̀, ẹ wá ibi tó sọ pé òun fẹ́ gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows. Ibi tó sọ pé òun fẹ́ nu gbogbo dísìkì nù wà nítòsí rẹ̀. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá sì parí tán tí aago Windows bá ń fi wákàtí kan yà sí ti Linux, ẹ má fòyà. Linux gbà pé aago inú ẹ̀rọ wà ní UTC, Windows gbà pé ó wà ní àkókò ilé, àkókò Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú UTC. Àṣẹ kan péré nínú Linux, timedatectl set-local-rtc 1, máa ń parí ìjà wọn.

N kò sọ pé lẹ́yìn èyí kò ní sí wàhálà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, àtúnṣe ààbò kan láti ọ̀dọ̀ Microsoft mú kí Linux má lè jí mọ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ní OS méjì, ní oríṣiríṣi ibi lágbàáyé. Ẹ wo ohun tí èyí kọ́ wa: fáìlì wọn kò lọ síbì kankan, ẹnu ọ̀nà ló ti. Ẹni tó mọ bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lè wá nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn kó bá òun ṣe é, tí kò wo ohun tó ń ṣe, ni ẹ̀rù yóò bà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí a kọ́ ọ fúnra wa. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ọjà lè mọ iṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé fáìlì tó ń jẹ́ REC0012 ni ohùn bàbá àgbà kan tó ń sọ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ láyé àtijọ́. Lójú tirẹ̀, ìwọ̀n àyè tó gbà nìkan ló rí.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ní apá kan tó ju ti laptop ẹnì kan lọ. Ní ọdún 2007, iléeṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé kéde pé 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré Classmate, tí Intel ṣe, ń bọ̀ wá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú Linux wọn lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún náà, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta-gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé oníbàárà àwọn ti ní òun yóò sanwó Linux náà, ṣùgbọ́n òun yóò fi Windows rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, àjọ ìjọba tó ń jẹ́ USPF, tó ń sanwó fún 11,000 nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, ní Linux ni àwọn fẹ́ kó wà lórí tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń jà, àjọ ìjọba ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí a béèrè: ọmọ tí yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Ta ló bi í?

Mo fẹ́ràn dual boot nítorí pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wa dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń mú èyí tó fẹ́. Linux fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Linus Torvalds wà ní yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland nígbà tó gbé e jáde ní ọdún 1991. Ubuntu tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, Mark Shuttleworth, ló dá a sílẹ̀, ó jáde ní 2004. A lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn láìjẹ́ pé a jalè. Ẹni kan ra dátà, ẹni kan gbà á sórí fíláàṣì, gbogbo kíláàsì fi ṣiṣẹ́. Windows tí wọ́n fi ètò àyídáyidà ṣí lójú ọjà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í mọ ohun tó bá a wọlé.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Èkínní, sí ẹ̀ka wa: ẹ jẹ́ kí ọ̀sán kan wà ní sáà kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà rẹ̀ dájú, tí a ó fi máa ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀. Kí ẹnu ọ̀nà jẹ́ ibi àyẹ̀wò: ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé jókòó. Kí àwọn ọmọ Computer Science tó bá fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ jókòó ti wa, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ olúwarẹ̀ wà lórí kiibọọ̀dù rẹ̀.

Èkejì, sí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde: kì í ṣe laptop tuntun ni a ń tọrọ. Háàdì dísìkì méjì péré, tí ẹ̀ka yóò fi pamọ́ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí a ó máa kó ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbà sílẹ̀ sí, pẹ̀lú orúkọ ìlú, ọjọ́ àti ìyọ̀ǹda ẹni tó sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ohùn tí ẹ̀yin náà gbà nígbà iṣẹ́ àṣekágbá yín ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà kan tí ẹ ti gbàgbé sí abẹ́ ibùsùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí ipata tó jẹ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, sí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Bí ẹ bá ka èyí tán, ẹ má tíì lọ gba Linux sílẹ̀. Ẹ wá fíláàṣì kan ná, kí ẹ ṣí fódà tí ohùn wà, kí ẹ kó o sí i. Ẹ fún ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán pé kó bá yín tọ́jú rẹ̀ sí ilé rẹ̀. Èyí kò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. OS lè bàjẹ́ lówùúrọ̀ ká tún un gbé sí i lálẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ohùn ẹni tó ti kú, kò sí ibi tí wọ́n ti ń gba tirẹ̀ sílẹ̀ mọ́.